Kodzidan: Ilé Àlọ́ ti Ekumfi-Atwia

Kodzidan ni orúkọ ilé eré tí àwọn ará Atwia, ìlú kékeré kan ní agbègbè Ekumfi ní ilẹ̀ Fante, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Gánà, fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ní àárín ẹ̀wádún 1960, pẹ̀lú akitiyan Efua Theodora Sutherland, òǹkọ̀wé eré tí ó jẹ́ olùwádìí ní Yunifásítì Gánà ní Legon. Ní èdè Fante, kodzi ni àlọ́, dan ni ilé. Ilé àlọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ náà gan-an. Ilé náà kì í ṣe ilé ńlá, ìlú náà kì í sì í ṣe ìlú olókìkí. Ohun tí ó sọ ọ́ di ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ sínú ìtàn ni pé níbẹ̀, odidi ìlú kan ni ẹgbẹ́ òṣèré. Àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà wà nínú rẹ̀, ọmọdé wà nínú rẹ̀. Nana Okoampa, obìnrin tí ó wà lórí oyè ìlú náà nígbà náà, wà pẹ̀lú wọn nínú iṣẹ́ náà.

Àwọn ìwé tí ó ń sọ ìtàn eré aráàlú ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyíinì ni eré tí àwọn ènìyàn àdúgbò kan fúnra wọn ń hun tí wọ́n sì ń ṣe láàrin ara wọn, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Botswana ní ọdún 1974, nígbà tí iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Laedza Batanani bẹ̀rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà dé Kamiriithu ní Kẹ́ńyà àti agbègbè Zaria ní Nàìjíríà, tí àwọn méjèèjì bọ́ sí ọdún 1977. Atwia ti ń ṣe eré tirẹ̀ nínú ilé tirẹ̀ kí èyíkéyìí nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀. Èrò òǹkọ̀wé yìí ni pé ìdí tí a fi ń fo Atwia dá ni pé kò sí ẹni tí ó tìtorí eré wá kọ́ àwọn ará ibẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Eré náà kò polówó abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì rọ àgbẹ̀ láti ra ajílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà pé eré aráàlú ni eré tí ọ̀mọ̀wé gbé wá fún aráàlú kò ní rí Atwia. Ẹni tí ó bá béèrè pé ta ni ó ni eré gan-an, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó di Atwia

Nígbà tí Gánà ṣì ń jẹ́ Gold Coast lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, oríṣi eré orí ìtàgé méjì ni ó gbòde. Ọ̀kan ni eré èdè Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń ṣe fún àwọn tí ó gbọ́ èdè náà. Èkejì ni concert party, eré alárìnkiri tí àwọn bíi Bob Johnson àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Axim Trio, sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láti ẹ̀wádún 1930. Ẹ̀rín àti orin pọ̀ nínú concert party, èdè Akan rí àyè nínú rẹ̀, ó sì dé ìlú ńlá àti ìletò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni àwọn òṣèré rẹ̀. Àwọn náà ni wọ́n ń wọ aṣọ obìnrin nígbà tí ipa obìnrin bá dé. Aráàlú ń sanwó, ó ń jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń lọ sílé.

Efua Sutherland, tí wọ́n bí ní Cape Coast ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1924, mọ ayé àwọn ọ̀mọ̀wé dáadáa. Ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nílé, ó lọ sí Homerton College ní Cambridge àti School of Oriental and African Studies ní London, ó sì padà sílé ní ọdún 1951 láti máa ṣe olùkọ́. Lẹ́yìn tí Gánà gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1957, ó dá ẹgbẹ́ eré kan sílẹ̀ ní 1958, Ghana Experimental Theatre. Ní 1961 ẹgbẹ́ náà ní ilé ní Accra, ilé tí wọ́n pè ní Drama Studio. Wọn kò kọ́ ọ bí gbọ̀ngàn òyìnbó, níbi tí òkùnkùn ti ń ya òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára òǹwòran. Àgbàlá tí ojú ọ̀run ṣí sí ni wọ́n fi ṣe é, ní àfarawé àgbàlá agbo-ilé Akan.

Eré tí ó ń kọ ní àkókò náà fi ohun tí ó ń wá hàn. Nínú Foriwa, ìlú kékeré kan tí ó ti sùn lọ ni a bá pàdé, Kyerefaso. Ọmọbìnrin ìyá ọba ìlú náà àti Labaran, àlejò tí ó jẹ́ ọmọ Hausa, ni wọ́n gbìyànjú láti jí i. Ẹni tí àwọn ará ìlú kò kọ́kọ́ kà sí ènìyàn wọn ni ó wá di ọ̀kan lára wọn. Ṣùgbọ́n Drama Studio, bí ó ti wù kí àgbàlá rẹ̀ dára tó, olú-ìlú ni ó wà. Àwọn ará Kyerefaso, irú àwọn tí eré náà ń sọ̀rọ̀ nípa wọn, kì í ṣe àwọn ni ó sábà máa ń jókòó níbẹ̀.

Ní 1963 Sutherland bọ́ sí Institute of African Studies ní Legon gẹ́gẹ́ bí olùwádìí. Àlọ́ àti bí àwọn ará ìletò ṣe ń pa á wà lára ohun tí ó ń wádìí, ìwádìí yìí ni ó sì so ó pọ̀ mọ́ Atwia.

Àlọ́ àti mboguo

Ìlú tí àlọ́ pípa mọ́ lára ni Atwia. Ní ilẹ̀ Akan, Ananse, aláàntakùn, ni ó ni àlọ́, gẹ́gẹ́ bí Ìjàpá ti ni ín láàrin Yorùbá: ọ̀kánjúwà, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ ń yọ ọ́ lónìí tí ó sì ń kó o sí kòtò lọ́la. Anansesem, ọ̀rọ̀ Ananse, ni àwọn Akan ń pe ìtàn wọ̀nyí, kódà bí Ananse kò bá sí nínú rẹ̀ rárá. Òǹkàwé tí ó ti jókòó sídìí àlọ́ àpagbè rí yóò rò pé òun ti mọ ohun tí à ń sọ. Ó mọ ọ́n dé ààyè kan.

Nínú àlọ́ àpagbè, apàlọ́ ni ó ni orin. Òun ni ó ń dá a, àwùjọ ni ó ń gbè é. Wọ́n ń dúró de apàlọ́ títí yóò fi dé ibi tí orin wà. Mboguo kò rí bẹ́ẹ̀. Orin ni mboguo, ijó àti ìṣesí a sì máa bá a rìn, ṣùgbọ́n kì í ṣe apàlọ́ nìkan ni ó ni ín. Ẹlòmíràn nínú àwùjọ lè dá apàlọ́ dúró ní àárín ọ̀rọ̀, kí ó dá orin tí ó bá ibi tí ìtàn dé mu, kí gbogbo agbo gbè é, kí apàlọ́ sì dúró títí orin yóò fi tán. Bí ìtàn bá ba ènìyàn nínú jẹ́, mboguo a gbé ìbànújẹ́ náà. Bí ìtàn bá ń fà jù, mboguo a ta á jí. Bí oorun bá ti ń kun àwọn ènìyàn, mboguo ni yóò lé e lọ. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó jẹ́ òǹwòran lásán ní agbo bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó dákẹ́ ni kò tíì rí ibi tí orin rẹ̀ bá mu.

Ìyàtọ̀ kejì wà lẹ́nu apàlọ́. Apàlọ́ Yorùbá a máa fi agogo ẹnu rẹ̀ búra ní ìparí pé òun kò purọ́. Apàlọ́ Akan a máa kìlọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé òótọ́ kọ́ ni òun fẹ́ sọ. Sutherland ka èyí sí kókó pàtàkì. Àwùjọ mọ̀ pé a fẹ́ tan wọ́n, wọ́n sì wá kí a lè tan wọ́n dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, kò sí ìdí tí eré fi gbọ́dọ̀ díbọ́n pé ojú agbo jẹ́ ayé mìíràn, kí a máa fi aṣọ ìkélé bo ohun tí ń lọ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí Sutherland wá ń kọ eré tirẹ̀ lórí ìlànà yìí, ó fi ẹnìkan sójú agbo tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa gbé ohun èlò fún àwọn òṣèré lọ, ní gbangba, lójú gbogbo ènìyàn. Bí òṣèré bá fẹ́ ìwé, ó gbé ìwé fún un. Bí ó bá fẹ́ agboòrùn, ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ni ó máa ń fà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rán àwùjọ létí pé wọ́n mọ̀ pé eré ni.

Láti àlọ́ dé eré kò jìnnà. Gbogbo ìlú ti mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀; ohun tí ó kù ni kí ẹnìkan jẹ́ Ananse, kí ẹnìkan jẹ́ aya rẹ̀, kí àwọn onílù wà ní ààyè wọn, kí apàlọ́ sì jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá ìtàn fún àwọn tí ó gbé ìwà wọn wọ̀. Apàlọ́ kì í tìtorí èyí kúrò lójú agbo. Ó ń so ìran kan pọ̀ mọ́ èkejì, ó ń bá àwọn òṣèré wí, ó ń bá àwùjọ sọ̀rọ̀. Èdè Fante ni èdè eré, kò sì sí ìwé tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ há sórí.

Ibí ni ó yẹ kí a dúró díẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré tí ó gbára lé ìwé, ẹni tí kò mọ̀wé ka ti wà lóde kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣàánú rẹ̀, wọn a wá ipa kékeré kan fún un. Nínú eré tí ó dúró lórí mboguo, ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́ lè ti orí àpótí rẹ̀ yí ìran kan padà pẹ̀lú orin kan ṣoṣo. Afọ́jú tí ó mọ orin ju gbogbo ìlú lọ kò nílò ẹni tí yóò fà á dé orí ìtàgé, nítorí ibi tí ó jókòó sí ti jẹ́ ojú agbo. Ọmọdé tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ gígùn lè gbè. Ìlànà iṣẹ́ ọnà náà fúnra rẹ̀ ni ó fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Lónìí, tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi gba gbogbo ènìyàn mọ́ra, inú rere adarí eré ni wọ́n sábà ń gbé e lé. Inú rere ṣe é gbà padà. Ohun tí ìlànà eré bá fún ènìyàn ṣòro láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kíkọ́ ilé náà

Kí ni ìlú tí ó ti ní àlọ́ tẹ́lẹ̀ fẹ́ fi ilé ṣe? Òjò jẹ́ apá kan ìdáhùn, nítorí àlọ́ ìta gbangba kò lè dúró dè é. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Gánà ìgbà náà, ọ̀wẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìletò fi ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì fi ń la ọ̀nà. Ohun tí ìlú bá fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ni ohun tí ìlú kà sí pàtàkì. Nígbà tí àwọn ará Atwia fi agbára wọn kọ́ ilé fún àlọ́, wọ́n gbé e sí ipò kan náà pẹ̀lú ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tí àwọn ọmọ tí ó lọ sí ilé-ìwé lè máa fojú kéré pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà lábẹ́ òṣùpá ni, ó ti wá ní ògiri, ó ní ẹnu ọ̀nà, ó ní orúkọ.

Ọ̀nà tí Sutherland gbà wọ inú ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí ti ẹni tí ń gbé ọ̀làjú wá. Ìwé eré rẹ̀ kọ́ ni ó kó dé ìlú náà. Ó jókòó ti àwọn apàlọ́, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn, lẹ́yìn náà ni ó fi ìmọ̀ tirẹ̀ nípa ìtàgé kún un. Síbẹ̀ kò yẹ kí a sọ ọ́ di ìtàn adùn nìkan. Olùwádìí láti yunifásítì ni, ó ní orúkọ, ó mọ àwọn ènìyàn nílé àti lókè òkun. Àwọn ará Atwia kò ní nǹkan wọ̀nyí. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Atwia wáyé láàrin àwọn ẹgbẹ́ méjì tí agbára wọn kò dọ́gba, èyí sì tún yọjú lẹ́yìn náà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1966, àwọn ológun àti ọlọ́pàá gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n so mọ́ orúkọ rẹ̀ ni ó bá a lọ. Kodzidan kò bá a lọ. Ní 1967, ọdún kan lẹ́yìn ìfipágbàjọba náà, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ti Amẹ́ríkà ṣe fíìmù kan nípa iṣẹ́ Atwia, Araba: The Village Story. Ìlú tí ó fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ilé rẹ̀ kò ní láti dúró de ìjọba tuntun kí ó tó pa àlọ́ nínú rẹ̀.

Láti Atwia padà sí Accra

Ní ìparí ẹ̀wádún 1960 Sutherland dá ẹgbẹ́ òṣèré alárìnkiri kan sílẹ̀, Kusum Agoromba, tí ó ń gbé eré lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní èdè Akan àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì hun irú eré tuntun kan tí ó pè ní anansegoro, eré Ananse. The Marriage of Anansewa, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1975, ni ó lókìkí jù nínú wọn.

Ìtàn rẹ̀ rọrùn. Ananse, baba tí ìṣẹ́ ń ṣẹ́, ní ọmọbìnrin kan, Anansewa, tí ó ti kàwé. Ó fi í lọ ọba mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì jẹ́ kí èyíkéyìí mọ̀ nípa àwọn yòókù. Ìgbà tí gbogbo wọn ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá ṣe ìdána ní àkókò kan náà ni ọgbọ́n pin. Ananse ní kí ọmọ náà díbọ́n pé òun ti kú, ó sì ń wo ohun tí ọba kọ̀ọ̀kan yóò ṣe. Èyí tí ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ tọkàntọkàn ni ìfẹ́ rẹ̀ jí ọmọ náà dìde.

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà, Sutherland sọ fún òǹkàwé nípa Atwia àti Kodzidan, ó sì ṣàlàyé mboguo. Kò fi orísun rẹ̀ pamọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà lẹ́yìn ìwé, bí òfin ìwé títẹ̀ ti fẹ́ kí ó rí, bẹ́ẹ̀ ni mboguo fúnra rẹ̀ sì yí padà nígbà tí ó di ohun tí a tẹ̀. Nínú ìwé, àwọn òṣèré tí wọ́n dúró fún àwùjọ ni ó ń kọ ọ́, ní ibi tí òǹkọ̀wé ti fi í sí. Ẹni tí ó jókòó sórí àga ní ilé eré lè gbè, ó lè pàtẹ́wọ́. Kò lè dá eré dúró. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ ní Atwia ti di ipa tí a pín fún òṣèré ní Accra. A kò sọ èyí láti fi bu iṣẹ́ náà kù, nítorí eré dáradára ni, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè rí Atwia lójú mọ̀ pé mboguo wà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ìwé náà tí ó rò pé òun ti rí eré Atwia ti ṣìnà.

Àwọn tí ó tẹ̀lé e

Ní 1977, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, tí Michael Etherton àti Brian Crow wà lára wọn, gbé eré tí wọ́n pè ní Wasan Manoma, eré àwọn àgbẹ̀, lọ sí agbègbè Soba. Wọ́n wádìí ìṣòro àwọn àgbẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n gbọ́ hun eré. Bí iṣẹ́ Zaria ti ń tẹ̀síwájú ni ó túbọ̀ ń hàn sí wọn pé kò tó kí a ṣe eré fún àgbẹ̀. Kí àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe é ni ó kù. Ibi tí Zaria ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀ yìí, ibẹ̀ ni Atwia ti gbéra.

Ní ọdún kan náà ni àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ Kamiriithu, ní agbègbè Limuru, kọ́ ìtàgé ìta gbangba tiwọn, tí wọ́n sì ṣe eré tí Ngũgĩ wa Thiong'o àti Ngũgĩ wa Mĩriĩ kọ ní èdè Gĩkũyũ. Ìjọba Kẹ́ńyà fagi lé eré náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977. Ní òpin ọdún náà wọ́n fi Ngũgĩ wa Thiong'o sí àtìmọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́, ní 1982 àwọn ọlọ́pàá sì wó ìtàgé náà palẹ̀. Àlọ́ Ananse kò bá ìjọba kankan jà ní gbangba, èyí sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó dáàbò bo Kodzidan. Àwọn kan yóò sọ pé èyí gan-an ni àléébù rẹ̀. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó bá bi í rántí pé olè àti ọ̀kánjúwà tí ń jọba lé ènìyàn lórí kò ṣàjèjì nínú ìtàn Ananse, àti pé orin tí ẹnikẹ́ni lè dá nígbàkígbà kò ṣeé yẹ̀wò ṣáájú.

Ilé Sutherland tí ó bá ìjọba pàdé ni èyí tí ó wà ní Accra. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ National Theatre, tí orílẹ̀-èdè Ṣáínà ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ́ tí wọ́n sì ṣí ní 1992, orí ilẹ̀ Drama Studio ni wọ́n kọ́ ọ sí. Wọ́n wó Drama Studio kúrò kí ilé tuntun lè rí àyè. Wọ́n kọ́ àwòrán rẹ̀ mìíràn sí Legon, ó sì ń jẹ́ orúkọ Sutherland. Ní Legon kan náà ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèré Abibigromma sílẹ̀ ní 1983, níbi tí Mohammed Ben Abdallah ti gba orí anansegoro kọjá lọ sí eré tí ó pè ní abibigoro, eré àwọn adúláwọ̀. Àbá tí Sutherland kọ ní 1980 fún àjọ̀dún eré ìtàn ní Cape Coast ni ó di PANAFEST ní 1992. Ó kú ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1996.